Ohun Tí Oko Ẹdúnàbọ̀n Ṣe sí Ìṣirò Wa

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú méje, kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi parí iṣẹ́ tí mo ti gbé fún un láti ọ̀sán àná. Aago náà dá mi lójú, nítorí pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ èsì. Yàrá iṣẹ́ wa ní yunifásítì, nílùú Ilé-Ifẹ̀, ni mo wà, mo ń mu tíì tó ti tutù. Mo wo èsì náà. Mo gbé ife sílẹ̀, mo tún un wò.

Kò tíì pẹ́ tí mo dé ibẹ̀ nígbà náà. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà. Mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán ní ìpínlẹ̀ mìíràn, mo padà wálé, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ sì ní kí n wá máa bá àwọn ṣe ìṣirò. N kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀gẹ́ ju jíjẹ lọ. Wọ́n ní kò burú, àwọn tó mọ ẹ̀gẹ́ ti pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tí yóò máa bi wọ́n léèrè ni wọ́n ń wá.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Wọ́n gbin oríṣiríṣi ẹ̀gẹ́ sí oko mẹ́ta: ọ̀kan nínú ọgbà yunifásítì, ọ̀kan ní Modákẹ́kẹ́, ọ̀kan ní Ẹdúnàbọ̀n lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Àwọn oríṣi kan náà ló wà ní oko mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n já ewé lára oríṣi kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń ka DNA. DNA yìí dà bí ìwé gígùn kan tí lẹ́tà rẹ̀ fi díẹ̀díẹ̀ yàtọ̀ láti ara ẹ̀gẹ́ kan sí òmíràn. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ gbó, wọ́n hú u, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì sè é láti mọ bó ṣe tètè ń rọ̀ sí. Iṣẹ́ tèmi ni láti wá ibi tí lẹ́tà inú ìwé náà ti bá ohun tí a rí lóko mu. Ṣé àwọn tó ní lẹ́tà báyìí ló ń wúwo? Ṣé àwọn ló ń rọ̀?

Ọ̀nà tí èèyàn yóò gbà béèrè ni wàhálà. O lè mú ìwúwo nìkan, kí o wá lẹ́tà tó ń bá a rìn, kí o tó wá mú rírọ̀ nìkan náà. O sì lè kó àbùdá méjèèjì, ìyẹn ìwúwo àti rírọ̀, pọ̀, kí o bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀nà kejì yìí lágbára gan-an, pàápàá nígbà tí àbùdá méjì bá sábà máa ń bá ara wọn rìn, tí lẹ́tà kan wá fà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó dà bí ọmọ méjì tó máa ń jọ dé láti ilé ìwé. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan dé tí èkejì kò dé, kò sẹ́ni tí kò ní fura nínú ilé.

Ọ̀nà alápapọ̀ yìí ni mo lò. Èsì tó jáde lówùúrọ̀ náà ní ibì kan tó yọ sókè láàárín àwọn yòókù bí ọ̀pẹ tó dá dúró láàárín ebè. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni. N kò tíì rí irú rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ jókòó lẹ́yìn mi. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ni, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ẹ̀gẹ́ tó ń tètè rọ̀ lórí iná ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Ó ti pẹ́ tó ti ń da oríṣi kan pọ̀ mọ́ òmíràn, ó ń gbìn, ó ń ṣà, ó ń sọ nù, títí ó fi rí ìdílé ẹ̀gẹ́ kan tí kò lè tíì pẹ́ lórí iná tí yóò fi jinná. Adájọ́ lòun ń pè mí, ó ní bí èèyàn bá kí mi pé ẹ káàárọ̀, n óò kọ́kọ́ yọjú wo oòrùn kí n tó dáhùn.

“Adájọ́, kí ni kọ̀ǹpútà wí?”

“Ó wí nǹkan, ẹ̀gbọ́n. Mi ò tíì mọ̀ bóyá òótọ́ ni.”

“Ìyẹn nìkan lo mọ̀ ọ́n sọ. Sún, jẹ́ kí n rí i.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àwòrán náà, ó sì pariwo débi pé ẹni tó ń kọjá lọ níta yà wọlé wò wá. “Tèmi nìyẹn! Ara àwọn ẹ̀gẹ́ tèmi ni lẹ́tà yẹn wà!” Ó ń fò sókè. Lẹ́yìn náà ló wá ka apá tó sọ ibi tí lẹ́tà náà ń fa àbùdá kọ̀ọ̀kan sí. Ó ń mú kí ẹ̀gẹ́ rọ̀. Ó sì ń mú kó fúyẹ́. Ẹ̀gbọ́n jókòó.

“Ó ń dín in kù?”

“Ohun tí ìṣirò yìí sọ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n.”

“Ta ló máa wá gbìn ín?”

Mo padà kọjú sí àwòrán náà. Ìwọ̀n ni àgbẹ̀ ń tà. Ẹni tó ń ra ẹ̀gẹ́ fún gàrí kò bìkítà bóyá ó ń rọ̀ lórí iná tàbí kò rọ̀. Ọ̀gá wa, ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbà mí síṣẹ́, sì ti fẹ́ ṣa àwọn oríṣi tí a óò tún gbìn ní ọdún tó ń bọ̀. Ilẹ̀ kò gba gbogbo wọn. Èyí tí kò bá wọlé, igi rẹ̀ á di igi ìdáná. Bí èsì yìí bá dúró, ìdílé ẹ̀gẹ́ ẹ̀gbọ́n ni yóò kọ́kọ́ jáde, iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ yóò sì dà bí igi tí wọ́n gé ní ìdí.

Ọ̀gá wa wọlé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Prọ̀fẹ́sọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ẹni tó máa ń fara balẹ̀ ni, kì í gbóhùn sókè. Ó ka èsì náà lórí ìdúró.

“Ìdánwò yìí lágbára,” ló wí. “Bó bá ṣe rí nìyí, a ò gbọ́dọ̀ tan ara wa jẹ. Lọ́jọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ mú àwọn tó máa padà sóko.” Ó yíjú sí mi. “Ìwọ ńkọ́? Ṣé ọ̀nà tó yẹ ká gbà nìyí?”

“Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di ọjọ́ Ẹtì náà.”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ mọ ohun tí èsì yìí kò sọ.”

“Ẹ ò rí i, sà?” ẹ̀gbọ́n wí, ohùn rẹ̀ kò sì tíì bọ̀ sípò. “Adájọ́ ti sún ẹjọ́ síwájú.” Prọ̀fẹ́sọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa bá a lọ.

Mo fẹ́ kó yé ẹni tó ń ka ìwé yìí pé kì í ṣe nítorí àánú ni mo fi béèrè fún àkókò. Mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n bí lẹ́tà náà bá ń dín ìwúwo kù lóòótọ́, n óò sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ tí a ń sọ ti pọ̀ ju ohun tí ìdánwò náà jẹ́rìí sí lọ. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, kí n tó jáde nílé, mo gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi.

“Màámi, bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn ilé tọkọtaya kan, tí wọ́n dáhùn, kí lẹ mọ̀?”

“Mo mọ̀ pé wọ́n wà nílé.”

“Àwọn méjèèjì?”

“Ẹnì kan wà nílé,” ló wí. “Mi ò lè sọ pé àwọn méjèèjì.” Ó tún wò mí. “Ṣé nítorí ẹ̀gẹ́ sísè ni o fi kàwé tó báyìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó dáa. Sáà rí i pé o jẹun kí o tó lọ.”

Bí ìdánwò alápapọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ohun tó sọ ni pé kì í ṣe òótọ́ pé lẹ́tà yìí kò kan ìkankan nínú àbùdá méjèèjì. Kò sọ pé ó kan àwọn méjèèjì. Àwa la fi ìyẹn kún un.

Nítorí náà, mo padà sí ọ̀nà tó rọrùn, èyí tí àwọn kan ń pè ní ọ̀nà àtijọ́: àbùdá kan lẹ́ẹ̀kan. Ti rírọ̀ dúró gbọn-in. Lẹ́tà náà wà níbẹ̀ gedegbe, kò sí iyèméjì. Ti ìwúwo kàn tẹ̀ díẹ̀ sí apá kan ni, kò dé ibi tí mo lè fi orúkọ mi jẹ́rìí sí.

Nǹkan kejì ni pé mo ti kó oko mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. A ti ṣe àtúnṣe fún pé ilẹ̀ kan lọ́ràá ju òmíràn lọ, gbogbo èèyàn ló ń ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n a ti gbà láìbéèrè pé bí ìwúwo àti rírọ̀ ṣe ń bá ara wọn rìn ní oko kan ni wọ́n ṣe ń rìn ní oko gbogbo. Mo ya àwọn oko náà sọ́tọ̀. Ní oko yunifásítì, èyí tó rọ̀ àti èyí tó le kò fi ìwúwo ju ara wọn lọ. Modákẹ́kẹ́, bákan náà. Ní Ẹdúnàbọ̀n, gbogbo ẹ̀gẹ́ tó rọ̀ ló dọ̀bálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, níbi tí àwọn tó fúyẹ́ wà.

Mo kọ́kọ́ bá ara mi jiyàn. Lẹ́tà kan lè ṣe báyìí lórí ilẹ̀ kan, kó má ṣe bẹ́ẹ̀ lórí òmíràn. Kì í ṣe ohun tuntun. Mo wá wo àwọn ẹ̀gẹ́ mìíràn tó rọ̀ ní Ẹdúnàbọ̀n ṣùgbọ́n tí wọn kò ní lẹ́tà náà rárá, tí wọn kì í ṣe ìdílé ti ẹ̀gbọ́n. Àwọn náà fúyẹ́. Àwọn tó ní lẹ́tà náà ṣùgbọ́n tí ohun mìíràn mú wọn le, kò fúyẹ́. Ìfúyẹ́ náà kò tẹ̀lé lẹ́tà. Rírọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀lé. Ohun kan wà ní oko yẹn tó mọ ẹ̀gẹ́ tó rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó le.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn sí mi lójú, mo sì gbà pé mo yangàn díẹ̀ nínú ọkàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ kì í se ẹ̀gẹ́. Òjò kì í sè é. Èèyàn ló ń sè é.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n wọ takisí lọ sí Ẹdúnàbọ̀n. Bàbá tó ni ilẹ̀ tí a fi dá oko jókòó síwájú ilé, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwó ni àwọn baba rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n òun kò mọ ibòmíràn ju Ẹdúnàbọ̀n lọ. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n fún wa ní omi, wọ́n béèrè àlàáfíà ilé àti ti ọ̀gá wa. Mo ti pinnu lójú ọ̀nà pé n kò ní fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ máa ń ṣe lóko yẹn kí àwa tó dé wá hú ẹ̀gẹ́?”

“Kí là bá ṣe? Ọ̀gá yín ní ká má fọwọ́ kàn án. A ò fọwọ́ kàn án.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín sínú ẹ̀gúsí rẹ̀. “Bàbá, ẹ sọ ọ́ délẹ̀.”

“Kí ni mo pa mọ́?”

“Ìtọ́wò ńkọ́?”

“Ìtọ́wò!” Bàbá yíjú sí wa. “Ṣé ìtọ́wò náà ni wọ́n ń pè ní fífọwọ́ kàn nílé ìwé yín? Wọn kì í gbin ohun tuntun sílẹ̀ onílẹ̀ kí onílẹ̀ má tọ́ ọ wò. Bí a ò bá tọ́ ọ wò, báwo la ṣe fẹ́ mọ ohun tí ilẹ̀ wa ń bọ́?”

Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn kì í hú igi ẹ̀gẹ́ náà. Wọ́n á rọra wa erùpẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ebè, wọ́n á gé ẹyọ kan, wọ́n á da erùpẹ̀ padà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Igi á wà ní ìdúró bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Ìlà kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ ti oríṣi ẹ̀gẹ́ kan, ni wọ́n tọ́ wò.

“Lẹ́ẹ̀kan péré, bàbá?” ni mo béèrè.

“Èyí tó bá le, kí la tún ń wá lọ síbẹ̀?”

“Èyí tó rọ̀ ńkọ́, sà?”

“Wọ́n padà síbẹ̀,” ni ìyá náà wí, ó fi ojú tọ́ka sí ọkọ rẹ̀. “Wọ́n padà síbẹ̀ dáadáa.”

“Ìwọ tí o ń sè é ńkọ́? Ta ló sọ pé kí n tún mú nínú ti ìlà ẹ̀gbẹ́ odò wá?” bàbá dá a lóhùn.

“Mo ní ó rọ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ kó o tán.”

“Ó rọ̀ débi pé kò gba eyín,” bàbá wí fún wa.

“Eyín wo ló kù lẹ́nu yín tí ó fẹ́ gbà?”

Ẹ̀gbọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀; n kò lè sọ èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì. “Bàbá,” ló wí, “ìwé mi lẹ jẹ yẹn!”

“Ìwé wo? Ẹ̀gẹ́ la jẹ.” Bàbá wò ó dáadáa. “Àbí ìwọ lo ni èyí tó rọ̀ yẹn?”

“Èmi ni, sà.”

“Wò ó, o ṣeun. O ṣeun gan-an ni. Ọlọ́run á fún ọ ní àlùbáríkà.” Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo rí bí ẹ̀gbọ́n ṣe gbé orí sókè. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ẹ̀rọ wọn rírọ̀ ẹ̀gẹ́ rẹ̀. N kò rò pé ẹnikẹ́ni ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún un rí.

A dé oko pẹ̀lú wọn, wọ́n sì fi àwọn ìlà tí wọ́n padà sí hàn wá. A ti hú ohun gbogbo, ṣùgbọ́n àwọn èèkàn tí a kọ nọ́ńbà sí ṣì wà nílẹ̀. Àwọn ìlà tí bàbá tọ́ka sí ni àwọn tó dọ̀bálẹ̀ nínú àwòrán mi, yàtọ̀ sí ọ̀kan tí kò dá wọn lójú mọ́. Nígbà tí a ń hú ẹ̀gẹ́, kò sẹ́ni tó fura, nítorí pé ẹ̀gẹ́ sábà máa ń já nígbà tí wọ́n bá ń fà á. Ojú ibi tí ọ̀kan ti kúrò kì í ṣe ohun àjèjì. Oko yunifásítì ní ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ. Ti Modákẹ́kẹ́ wà nínú ọgbà tí wọ́n ń tì pa.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí n kò mọ̀. N kò mọ iye ẹ̀gẹ́ tí wọ́n mú, àwọn náà kò mọ̀ ọ́n. N kò lè sọ pé ìtọ́wò nìkan ló fa gbogbo ìfúyẹ́ náà. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìwúwo tí a wọ̀n ní Ẹdúnàbọ̀n kì í ṣe ìwúwo ohun tí ilẹ̀ mú jáde, nítorí náà kò yẹ kó jẹ́rìí nínú ọ̀rọ̀ ìwúwo. Ti rírọ̀ lè jẹ́rìí, nítorí pé mímú ẹyọ kan kúrò nídìí igi kò sọ èyí tó kù di líle.

Ohun tí mo sọ fún Prọ̀fẹ́sọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì nìyẹn, ní ìdúró, pẹ̀lú àwòrán mẹ́ta péré. Mo ní ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni kí a ṣírò àbùdá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ní oko kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí a wo bóyá àwọn oko fohùn ṣọ̀kan, kí a tó wá kó wọn pọ̀. Ìdánwò alápapọ̀ ni kó kẹ́yìn. Bó bá sì sọ pé nǹkan wà níbẹ̀, kí a béèrè àbùdá tó ń sọ̀rọ̀ kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé méjèèjì ni. Nígbà tí mo ṣe é báyìí, lẹ́tà náà ṣì dúró gbọn-in fún rírọ̀. Fún ìwúwo, n kò rí ẹ̀rí pé ó ń dín in kù.

“O ò rí ẹ̀rí,” Prọ̀fẹ́sọ̀ wí. “O ò sọ pé kò dín in kù.”

“Rárá, sà. Oko méjì péré ló kù fún mi. Mi ò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Nítorí náà, ìdánwò alápapọ̀ tí o kọ́kọ́ ṣe kò dáa?”

“Ó dáa, sà. Òun ló jẹ́ ká mọ̀ pé ibì kan wà tó yẹ ká wò. Àwa la gbọ́ ohun tí kò sọ.”

Ó mú bírò, ó fi orúkọ àwọn ẹ̀gẹ́ ẹ̀gbọ́n kún àwọn tí a óò gbìn, ìdílé náà lódindi. Lẹ́yìn náà ló sọ fún àwọn tó wà ní yàrá pé láti ìsinsìnyí lọ, kí èsì kankan tó dé ọ̀dọ̀ òun, kó kọ́kọ́ gba iwájú mi kọjá. Orí mi wú. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n.

“Adájọ́ ti di adájọ́ àgbà,” ẹ̀gbọ́n wí sí mi létí. Ó di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì, ó fún un, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Prọ̀fẹ́sọ̀ kò ní kí bàbá má tọ́ ẹ̀gẹ́ wò mọ́. Ó ní ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò mọ ibi tó ń gbé. Ohun tó ṣe ni pé ní oko kọ̀ọ̀kan, a óò gbin igi kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan sí etí oko fún onílẹ̀, a kò sì ní wọ̀n wọ́n. Nígbà tí a sọ fún bàbá, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí á rí i dájú pé àwọn tó rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbà. Mo ní kò lè pọ̀ ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ, nítorí pé gbogbo oríṣi ló gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ìyá náà bi ẹ̀gbọ́n léèrè pé ṣé bí mo ṣe máa ń ṣe nínú ilé náà nìyí.

Èmi fúnra mi wà níbẹ̀ nígbà tí a gbìn wọ́n. Èmi ni mo ka nọ́ńbà èèkàn sókè bí àwọn yòókù ti ń ri igi mọ́lẹ̀, n kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi.

Bí ìwúwo wọn yóò ṣe rí, kò tíì tó àkókò. Bóyá bàbá yóò dúró sí ìlà tirẹ̀, n kò ní ẹ̀rí. Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo rin ìlà àwọn ẹ̀gẹ́ ẹ̀gbọ́n já ní Ẹdúnàbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ti yọ ewé.